Ìka Wíwọ́ Lórí Orúnkún

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Irinwó èèyàn ló wà níbẹ̀, ojú wọn dá, wọ́n sì ti sanwó ìwọlé. Kí ni wọ́n máa tìtorí ẹ̀ purọ́?

Ọ̀sán gangan ni, lọ́dún 1891, ní ìlú kékeré kan létí odò Ohio. Lemuel Stroud, máníjà ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfigigbá ìlú náà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọdún mọ́kànlá ni òun fúnra rẹ̀ fi lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó di igi mú, tó ń fi ọwọ́ lásán mú bọ́ọ̀lù tí onítọ̀hún kò bá rí gbá. Ìka mẹ́jọ ló ṣẹ́. Ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì pinnu ibi tó fẹ́ kọjú sí.

Ìka ni amúbọ́ọ̀lù fi ń ṣe àmì fún ẹni tó ń jù ú. Stroud ní àmì kan láyé ọjọ́un: ọmọńdinrín wíwọ́ lórí orúnkún. Ó túmọ̀ sí pé: jù ú sí orí ẹni tó di igi mú, kẹ́rù lè bà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lò ó. Ẹ̀rù kò ba Hollis, tó di igi mú lọ́jọ́ náà. Ó kú ni. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù náà ti kú pẹ̀lú. Ó ku Stroud nìkan tó mọ̀, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, Fenner, ajùbọ́ọ̀lù rẹ̀, fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá a.

"Ọ̀gá, àmì wo ni Teague ń fún mi yìí?"

"Èwo?"

"Ọmọńdinrín lórí orúnkún. Ó wọ́."

Stroud dìde. Ó pe Teague amúbọ́ọ̀lù.

"Na ọwọ́ ẹ."

Ìka márààrún gún bí àbẹ́là.

"Mi ò fi nǹkan kan lé orúnkún," ni Teague wí. "Fenner, ọtí àná ò tíì dá lójú ẹ."

"Bàbá ẹ ló mutí! Ọ̀gá, kí ló túmọ̀ sí?"

"Kò túmọ̀ sí nǹkan kan."

Wardell ló kàn láti gbá a. Ẹgbẹ́ àlejò ló wà, ṣùgbọ́n òun ló fẹ́ ọmọ Stroud, oyún oṣù mẹ́jọ sì wà nínú ìyẹn.

"Bàbá, ṣé ibí ni kí n hu ewú sí ni?" ló ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín.

Stroud fẹ́ kìlọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi í bó ṣe mọ̀. Ó gba ìbọ̀wọ́ Teague, ó lọ lóṣòó fúnra rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ké. Ó na ìka kan: jù ú tààrà. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó sì fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, kí ọmọńdinrín rẹ̀ má bàa yọ.

Pápá dákẹ́. Ọmọ ọwọ́ kan tó ń ké dákẹ́.

Nǹkan kékeré kan bà lé orúnkún Stroud. Ó tutù. Ó wò ó. Kò sí nǹkan kan.

Fenner tẹjú mọ́ orúnkún náà. Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún. Ó gbé apá sókè.

"Wardell, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Orí ẹ ló ń bọ̀!" ni Stroud kígbe.

Wardell bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbé fìlà rẹ̀ lọ. Orí kò sí nínú rẹ̀.

Ó dìde díẹ̀díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Stroud bọ́ ìbọ̀wọ́. Fenner ti dé.

"Ọkùnrin tó lóṣòó tì yín ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, Ọ̀gá. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n etí mi ló sọ ọ́ sí. Ó ní Hollis lorúkọ òun, ẹ̀yin lẹ kọ́ òun ní àmì náà."

Stroud kò wẹ̀yìn. Orúnkún rẹ̀ ṣì tutù.

Rẹfirí ní kí wọ́n máa bá eré lọ.