Wáyà Pẹlẹbẹ Aláwọ̀ Sánmà

Àtẹ́lẹsẹ̀ méjì ni apòògùn kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ tábìlì tó fi ń fún àwọn aláìsàn lóògùn nílé ìwòsàn. Ìbọ̀sẹ̀ kan ti lu, àtàǹpàkò sì ń yọjú níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò. Láti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà kò ti gbé orúkọ aláìsàn kankan wá. Àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu ọ̀nà, inú ń bí onílé, inú ń bí àlejò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lábẹ́ ibẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ bá mi mú tọ́ọ̀ṣì yìí, kí ẹ má sì gbọ̀n ọ́n."

Ọmọbìnrin kan rá jáde, eruku kún irun rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún gbogbo àdúgbò. Aláìsinmi ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí bí wọ́n bá pè é síṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lójú ọ̀nà kí ẹni tó pè é tó sọ̀rọ̀ tán. Ó fi wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ sánmà kan so kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ mọ́ ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín ìsọfúnni kiri gbogbo ilé ìwòsàn. Ó tẹ bọ́tìnì, ojú kọ̀ǹpútà dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, pàbó.

"Kò dáhùn," ni apòògùn wí.

"Ojú èmi náà ríran, ẹ ṣé."

Ó yí ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ráútà sọ̀rọ̀ padà. Kíá, àmì wúruwùru ya bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, kò sí èyí tó ṣeé kà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ba apòògùn lẹ́rù, àfi bí ọmọbìnrin yìí ṣe pàtẹ́wọ́.

"Ó ń sọ̀rọ̀! Ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ló ti sọ ìyára rẹ̀ di nǹkan míì. A máa bá a níbi tó wà."

Ó ń yí i, ó ń dán an wò, títí ọ̀rọ̀ gidi fi yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ tẹ àṣẹ sí i, lẹ́tà kan ṣoṣo kò wọlé. Ó pòṣé.

"Ẹ ẹ̀ rí ayé mi? Ó ń sọ tirẹ̀, kò gbọ́ tèmi."

"Ó jọ ìyá mi gẹ́lẹ́."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín débi pé ó forí gbá tábìlì. Ó pa ètò kan tó ń mú kí kọ̀ǹpútà máa dúró gbàyè kó tó sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tó tẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́. Àwọn èrò hó yè. Apòògùn nìkan ni kò hó. Tọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ọmọbìnrin náà ló ń tàn án sí, ọkàn rẹ̀ sì ti bá a lọ.

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Apòògùn tó máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀ sídìí iṣẹ́ kò rójú jókòó mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá dún, á gbórí sókè. Aláìsinmi á yọ, á ní òun kàn ń kọjá lọ ni, á sì dúró títí wọ́n á fi fẹ́ ti ilé oògùn.

"Ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ kò gba ibí o."

"Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n, apòògùn mi. Òun ni kí o bi."

Apòògùn mú un lọ kí ìyá rẹ̀. Opó ni màmá yìí. Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù ni ọkọ rẹ̀ ṣe, orí òpó ló sì ti já bọ́, tó gbabẹ̀ kú. Wọn kò tíì jẹun dé ìdajì tí fóònù Aláìsinmi fi dún. Ó dìde, ó bẹ̀bẹ̀, ó gbé àpò, ó ti wà lójú títì. Nínú ìkánjú, ó gbàgbé wáyà rẹ̀ sórí àga.

"Ọmọ yẹn dára," ni màmá wí. "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mo tún rí yìí. Ìdí fèrèsé ni mo ti lo ìgbéyàwó tèmi, tí mò ń retí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o lo tìrẹ níbẹ̀."

Ó yẹ kí apòògùn fi ọ̀rọ̀ náà sínú rò ó wò. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé e ní tútù lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀.

"Ayọ̀ mi, ṣé o ò lè wá iṣẹ́ tó ń gbélé?"

Aláìsinmi wò ó títí. "Ṣé ìwọ lo ń sọ̀rọ̀, àbí màmá?"

Aláìsinmi gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ọjọ́ tí o bá rí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tìrẹ, wá bá mi."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti di ọ̀wọ́n. Apòògùn á jókòó, á dìde. Á gbé fóònù, á gbé e kalẹ̀. Ó kọ orúkọ oògùn ikọ́ sára oògùn ibà, ọpẹ́lọpẹ́ aláìsàn tó tún un kà. Ẹ̀rù ń bà á pé òun ti fi ọwọ́ ara òun lé olólùfẹ́ òun lọ.

Nígbà tó yá, iná lọ lójijì nílé ìwòsàn, ráútà tún dákú. Aláìsinmi dé, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó so wáyà tuntun tó rà mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò tilẹ̀ dá wáyà náà mọ̀.

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi," ni ó kùn. Kò dárúkọ wáyà àtijọ́ tó gbàgbé sílé màmá. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó lọ gbà á láti ọjọ́ yìí.

Apòògùn kò dúró. Ó fi aṣọ iṣẹ́ sáré délé. Wáyà náà ni ìyá rẹ̀ fi so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí kì í pa dé.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́. Bí iṣẹ́ bá pè é, kó lọ. Bó bá jẹ́ ìdí fèrèsé ni màá máa dúró sí, èmi ni mo yàn án."

Màmá lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tú wáyà náà, ó sì ń ká a sọ́wọ́ róbótó, jẹ́jẹ́, láìjẹ́ kó ṣẹ́ níbì kankan.

"Bàbá rẹ ló kọ́ mi láti máa ká a báyìí, kó má bàa já nínú." Ó nu ojú rẹ̀. "Dúró, kí n wọ bàtà."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wọ ilé oògùn. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na wáyà sí ẹni tó wà lábẹ́ tábìlì.

"Ọmọ mi, jíjáde kọ́ ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ ṣubú, kò sọ òpó tó ń lọ fún mi. A ń ti ìdí òpó kan bọ́ sí òmíràn, a ń wá a. Ṣé wàá máa sọ ibi tí o ń lọ?"

Omi lé ròrò lójú Aláìsinmi. "Màá máa sọ, Mà. Ibi yòówù kó jẹ́."

Apòògùn náà rá wọ abẹ́ tábìlì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tèmi nìyí: fẹ́ mi. Máa lọ, kí o sì máa bọ̀."

"Má gbọn tọ́ọ̀ṣì yẹn."

"Dá mi lóhùn ná."

Aláìsinmi gba tọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Màá fẹ́ ọ, apòògùn mi."

Ráútà jí. Bí wọ́n ṣe ń gbọn eruku nù ni fóònù Aláìsinmi dún. Ó gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí màmá.

"Ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ọjà ni, Mà. Ráútà wọn ni kò dáhùn."

"Mo ti gbọ́. Máa lọ, ìyàwó mi. Mú wáyà rẹ dání. Màá wá okùn míì fún kọ́bọ́ọ̀dù."