Ọwọ́ Gbádé Mọṣẹ́, Ìwé Ẹ̀rí Rẹ̀ Ńkọ́?

Bí iná ilé kan bá ń ṣe ségesège ní àdúgbò wọn ní Mushin, Gbádé ni wọ́n ń pè. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí i sí. Ó kọ́ṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ọ̀gá kan fún ọdún mẹ́rin, ó gba òmìnira, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n sì ya fọ́tò. Iṣẹ́ náà ló fi ń bọ́ ìyàwó rẹ̀, Adékẹ́mi, àti Beulah, ọmọ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ pé ilé ìwòsàn aládàáni kan tí wọ́n ń kọ́ nítòsí Ìdí-Àràbà ń wá oníṣẹ́ iná. Ló bá lọ. Ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní kó fa wáyà sí yàrá kan. Ó fà á, ó sì gún régé.

"Iṣẹ́ yín dáa," ni ẹnjiníà wí. "Ìwé ẹ̀rí yín dà?"

"Ìwé ẹ̀rí kẹ̀? Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ń bẹ, sà. Ẹ jẹ́ n pè é lórí fóònù."

"Ilé ìwòsàn là ń kọ́ o. Ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn mí la máa so mọ́ iná yìí. Mi ò lè gba ẹ̀rí ẹnu."

Oníṣẹ́ iná kejì tó wá lọ́jọ́ náà ni Dennis, ọmọ Kútọnu. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lòun náà ti kọ́ṣẹ́, àmọ́ ó yọ ìwé ẹ̀rí tí ìjọba ilẹ̀ wọn fún un. Òun ni wọ́n gbà, àmọ́ ẹnjiníà ní iṣẹ́ ṣì kù fún Gbádé tó bá lè mú ìwé ẹ̀rí wá.

Tìbínú-tìbínú ni Gbádé fi délé. "Èmi tí wọ́n bí sí Èkó, wọ́n fi mí sílẹ̀, wọ́n gba àlejò!"

Lọ́jọ́ kejì, Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, wá bá a.

"Ṣé torí bébà lo ṣe ń fajú ro báyìí? Mo mọ bọ̀bọ́ kan ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Fún un ní orúkọ àti fọ́tò, kó tó dalẹ́ o ti ní tiréèdì tẹ́ẹ̀sì tìẹ, ìwé ẹ̀rí ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́. Òǹtẹ̀ ìjọba á wà lára ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Gbádé ò sọ pé rárá. Ó ti ń tú dúrọ́ọ̀ wá fọ́tò nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá a níbẹ̀.

"Bàbá Beulah, kí lẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe?"

Ó sọ fún un. Adékẹ́mi ò pariwo. "Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Àǹtí."

Àǹtí Motọ́lání ni ẹ̀gbọ́n Gbádé. Surulere ló ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ló sì ti ń kọ́ni. Ó ti lọ sí Jámánì rí láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ níbẹ̀. Ó fetí sí wọn títí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀.

"Gbádé, wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní áàtì, báwo lo ṣe ń mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ọ̀gá wa máa ń sọ pé tí gílóòbù bá ti tàn, iṣẹ́ ti parí."

"Ta ló kọ́ ọ̀gá yín?"

"Ọ̀gá tiẹ̀ náà ni."

"Ṣé o rí i? Ohun tí ọ̀gá ò bá mọ̀, níbo lọmọ iṣẹ́ ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ní Jámánì, ọmọ iṣẹ́ máa ń wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọjọ́ bíi mélòó kan lọ́sẹ̀, á lo ọjọ́ tó kù ní kíláàsì. Tó bá di ìparí, àwọn mìíràn tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ ló máa dán an wò. Ti Kútọnu jọ tiwa, torí ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ̀pọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́, àmọ́ ìjọba wọn fi ìdánwò sí òpin rẹ̀. Ohun tí Dennis fi jù ọ́ lọ nìyẹn."

"Tiwa wá ńkọ́, Àǹtí?" Adékẹ́mi bèèrè.

"Tiwa ò burú. Ọwọ́ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìwé wà nílé ẹ̀kọ́, àwọn méjèèjì ni kì í sábà pàdé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tèmi náà, òmíì mọ ìwé dáadáa, kò tíì fa wáyà ilé kan rí." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìdánwò ìjọba wà fún irú ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Bébà Tọ́pẹ́ lè mú ẹ wọlé, kò lè kọ́ ẹ lóhun tó o ò mọ̀. Tí iná bá gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

Nígbà tí Gbádé kúrò níbẹ̀, ó sọ fún Tọ́pẹ́ pé òun ò ṣe mọ́. Tọ́pẹ́ fi í rẹ́rìn-ín.

Gbádé bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi mítà, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná, yẹ áàtì wò, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti bà á. Ó rántí ilé ìyá àgbà kan tó fa wáyà sí ní Yaba. Ó lọ síbẹ̀.

"Mà, ṣé fìríìjì yín máa ń ta yín lọ́wọ́?"

"Nígbà míì. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo ti sọ fáwọn ọmọ-ọmọ mi kí wọ́n máa fi aṣọ dì í mú kí wọ́n tó ṣí i."

Gbádé tú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wáyà áàtì tó fà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ inú ògiri ló parí sí. Kò dé ilẹ̀ rárá. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀." Ó tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tó ṣèdánwò, ó yege nínú ti ọwọ́, ó fìdí rẹmi nínú ti ìwé. Ojú tì í. Ó tún un ṣe, ó sì yege. Wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn yẹn tipẹ́, iṣẹ́ ibẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ ní báyìí, kì í kúrò nílé oníbàárà láìfi mítà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ohun ìtìjú, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kì í sì í ṣe ti olódo ọmọ. Tí ọmọ yín bá ń kọ́ṣẹ́, ẹ wá kíláàsì tó lè máa lọ, kí ẹ sì rí i pé ó ṣèdánwò ìjọba kó tó gba òmìnira. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ yọ̀ǹda wọn, ohun tí wọ́n bá kọ́ bọ̀ á ṣe ẹ̀yin náà láǹfààní. Ẹni tó bá ní òun máa bá yín tẹ ìwé ẹ̀rí, ẹ sá fún un. Èèyàn ni òǹtẹ̀ ayédèrú lè tàn jẹ. Iná mànàmáná kì í ka ìwé.