Oríkì Ẹ̀yìn Káàdì

Lọ́jọ́ tí oògùn dé láti Ayé Omi, tí Ìbíwùmí dúró níwájú àpótí oorun tó sì fi oríkì pe ọmọ rẹ̀ kó jí, ilẹ̀kùn àpótí kò mira. Àpò ẹ̀wù dókítà ló dáhùn.

Ohùn kan ń ké nínú àpò náà: "Àjíún, ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín kó tó lajú, ẹlẹ́sẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ń sáré wá pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà, dìde o, ilẹ̀ ti mọ́." Ohùn Ìbíwùmí fúnra rẹ̀ ni. Dókítà Akinlàwọ́n ti ọwọ́ bọ àpò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ó fa káàdì kan yọ. Àwòdì Irin ló wà lójú káàdì náà, akọni obìnrin inú ìwé àwòrán, ẹni tó fi irin ṣe ìyẹ́ tó ń fò láti ayé kan bọ́ sí òmíràn.

Ìyá Àgbà Ṣégilọlá, olórí àwọn àgbà ìlú, wo káàdì, ó wo Ìbíwùmí. "Ta ló gbé oríkì ọmọ tó ń sùn sẹ́yìn káàdì?"

Gbogbo ìlú ló mọ ọwọ́ ẹni tó ya Àwòdì Irin yẹn.

Ìdó Tuntun ni wọ́n ń pe ìlú náà, lórí Ayé Pupa, lábẹ́ Igbá. Igbá ni òrùlé gíláàsì ràgàjì tó dé ìlú mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí má baà sá lọ. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó kó àwọn ènìyàn wá síbẹ̀ láti Ayé Omi ní eruku pupa ilẹ̀ náà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Eruku wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó pa ọkọ Ìbíwùmí, ó tún yíjú sí Mosúnmọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ náà fi sílẹ̀, nígbà tí ọmọ wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Oògùn kò sí nílẹ̀. Ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sínú àpótí oorun, ẹ̀rọ tí ń dá ara ènìyàn dúró síbi tó wà. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ kò ní dàgbà, àìsàn rẹ̀ kò ní gbilẹ̀, títí oògùn yóò fi ti Ayé Omi dé.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àwọn àpótí yìí, nọ́ńbà ni àwọn onímọ̀ fẹ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ wọn. Àwọn àgbà yarí. Wọ́n ní ọmọ ènìyàn kọ́ ni ẹrù tí wọ́n ń fi nọ́ńbà gbà ní èbúté; ohùn ìyá ni kó máa jí ọmọ, pẹ̀lú oríkì tó fi ń jí i láti kékeré. Wọ́n dán an wò, ó sì dára ju nọ́ńbà lọ. Ẹni tí wọ́n fi oríkì jí kì í ta gìrì, iyè rẹ̀ kì í sì í rá. Àwọn àgbà wá fi òfin kan lé e: bí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn, ìyá kò gbọdọ̀ pe oríkì ọmọ náà níbikíbi mọ́ títí di ọjọ́ jíjí. Wọn kò sọ ìdí. Àgbà ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ rò ó wò. Kí ilẹ̀ mọ́ kí ènìyàn má rí oríkì ọmọ rẹ̀ pè! Ẹnu a máa yún Ìbíwùmí láràárọ̀. Á fi omi ṣan ẹnu, á jẹ obì, yíyún náà kò ní lọ.

Mosún fẹ́ràn Àwòdì Irin kọjá sísọ. Á so ìró ìyá rẹ̀ mọ́ apá méjèèjì, á bẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, á ní òun ti dé ayé kejì. Kò pẹ́ lẹ́yìn tó sùn ni ọkọ̀ tí ń kó ìwé àwòrán wá láti Ayé Omi kò wá mọ́. Àwọn olólùfẹ́ Àwòdì ní Ìdó ní àwọn kò ní jẹ́ kó kú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe káàdì rẹ̀, wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ní ojúde ilé-ìwé, tọmọdé tàgbà.

Ìbíwùmí náà bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní yíyà. Ó ṣa ewé-agbóhùn tó já sílẹ̀, ó gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ó po láfún, ó fi ìyẹ́ adìẹ ya àwòrán bí àwọn aláró ṣe ń ya àdìrẹ, ó wá fi eruku pupa tó pa ọkọ rẹ̀ kun ún. Ewé-agbóhùn yìí, ara Gbòǹgbò ló ti ń hù, ẹ̀rọ abẹ̀mí tó ta káàkiri abẹ́ ìlú, tó ń darí iná, omi àti àpótí. Ewé rẹ̀ a máa gba ohùn pamọ́. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ mú un títí tó fi móoru, á sọ ohun tí wọ́n sọ sí i.

Wọ́n ní lórí Ayé Omi, iye agbára akọni ni wọ́n ń kọ sẹ́yìn káàdì. Ta ni yóò gba ìyẹn ní Ìdó? Oríkì ni wọ́n ń wá. Káàdì tí oríkì rẹ̀ kò bá wọni lára, kò sí ẹni tí yóò fi tirẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Dókítà Akinlàwọ́n, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ náà, tó kó káàdì jọ ju ọmọ iléèwé lọ, ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. "Ìyá Mosún, ọwọ́ yín dáa o, ṣùgbọ́n Àwòdì yín yadi. Oríkì wo lèyí? 'Oníyẹ̀ẹ́ irin, alágbára, ajagun má bẹ̀rù.' Ẹ jọ̀ọ́, mà, bí ẹni ń polówó ọṣẹ ni."

Gbogbo ojúde bú sẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí kó káàdì rẹ̀, ó lọ sílé.

Ó jókòó ti ewé tuntun. Ibi tó ti ń ya ojú akọni ni ẹnu rẹ̀ ti là fúnra rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti pe Àjíún, ó ti pè é délẹ̀. Ara rẹ̀ wá fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní ewé tó ti já ni. Káàdì ni. Ta ni yóò gbọ́?

Ojúde kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo ènìyàn fẹ́ Àwòdì Irin ti Ìyá Mosún. Ó ṣe òmíràn, ó tún ṣe òmíràn, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú oríkì kan náà. Bó bá ń kọjá lọ́nà omi, á gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí ń ṣeré, Àjíún lọ́tùn-ún, Àjíún lósì, bíi pé Mosún ń sáré káàkiri ìlú. Ohun tó fi ń rí oorun sùn nìyẹn, ní gbogbo ọdún tí Mosún fi wà nínú àpótí.

Òun nìyí báyìí, níwájú ilẹ̀kùn tí kò ṣí.

Akinlàwọ́n lọ wo ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka Gbòǹgbò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ewé tó já kò tíì kú, mà. Bó bá ti móoru, ohùn inú rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ padà sọ́dọ̀ Gbòǹgbò. Gbòǹgbò ti gbọ́ ìpè yìí, ó ti gbọ́ ọ, kò wá kà á sí ìpè mọ́. Ó gbà pé eré ni."

"Ẹ mọ̀ pé ewé ń sọ̀rọ̀ padà?" ni Ìbíwùmí bi í.

"Ó wà nínú ìwé ìwádìí wa."

"Ìwé ìwádìí!" Ìbíwùmí ṣán ọwọ́ mọ́ ara wọn. "Ìwé tó jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ náà lẹ ń kà á! Ẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká máa ṣa ewé. Ẹ mọ̀, ẹ dúró lójúde, ẹ ní Àwòdì mi yadi!"

"Má jágbe mọ́ òun nìkan," ni Ìyá Àgbà wí. "A kìlọ̀ fún ẹ, Ìbíwùmí. A ní má pè é níta."

"Ẹ kìlọ̀, Ìyá. Ẹ ò sọ ìdí. Ká ní ẹ sọ pé bí mo bá pè é Gbòǹgbò á gbọ́, ahọ́n mi ni ǹ bá gé."

Arúgbó náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. "Àwa náà ò mọ ìdí. Ẹ̀rù ló bà wá. A ò mọ ohun tó ń bà wá lẹ́rù."

Akinlàwọ́n ní kí àwọn fi irin já ilẹ̀kùn.

"Kí ọmọ ọlọ́mọ ta gìrì kú?" ni Ìyá Àgbà bi í. " Èyí tí ẹ já nílẹ̀kùn níjelòó, ṣé ó mọ orúkọ ara rẹ̀ títí dòní?"

Dókítà ní ọ̀nà kan ló kù. Omi iyọ̀ a máa pa ewé-agbóhùn lẹ́nu mọ́. Bí gbogbo káàdì bá dákẹ́, tí Gbòǹgbò kò gbọ́ ohùn mìíràn mọ́ àfi èyí tó ti ẹnu ìyá jáde, ó lè gbà pé ìpè gidi ni.

Wọ́n gbé agbada omi iyọ̀ kalẹ̀ ní ojúde. Akinlàwọ́n ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sí i. Àwọn ọmọdé ń sunkún. Bàbá kan di tirẹ̀ mú gírígírí, ó ní ohùn yẹn ni ọmọ òun tí kò níyàá fi ń sùn. Ìbíwùmí ò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń wò ó títí ó fi jù ú sómi. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, Ìyá Àgbà Ṣégilọlá ti ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè, ó yọ ọ̀kan.

Gbogbo ojú yí sí i.

"Kí lẹ ń wò? Ohùn rẹ̀ dùn."

Láfún ṣí kúrò lára ewé, omi pọ́n. Ìlú pa rọ́rọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí àpótí, Akinlàwọ́n di Ìbíwùmí lápá mú. "Mà, nǹkan kan wà. Gbogbo ìgbà tí káàdì bá pè é, àpótí á tú oorun rẹ̀ díẹ̀, á sì tún dì í. Ara tí ń jí tí kò jí tán, eré ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń sá. Mi ò mọ ibi tó ti—"

"Ẹ fi mí sílẹ̀. Ọmọ mi ni mo fẹ́."

Ó pè é. "Dìde o, ilẹ̀ ti mọ́."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ yọ láàárín èéfín tútù. Awọ rẹ̀ hunjọ, iṣan dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ìbíwùmí rò pé wọ́n ti ṣi àpótí ṣí. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gbé orí dìde, orí funfun báláú, ojú Mosún ló sì fi wo ìyá rẹ̀.

Oògùn ọwọ́ dókítà yóò wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sàn; ìyẹn kì í ṣe irọ́. Èyí tó kù kò lóògùn.

"Mọ́mì," ni arúgbó náà wí, pẹ̀lú ohùn híhan tí ń sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. "Mo gbọ́ yín. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pè mí ni mo máa ń dìde. Tí mo bá dé ẹnu ilẹ̀kùn, á ti tì. Ẹ̀ẹ́ tún pè mí. Màá tún dìde." Ó ń wá ohun kan lójú ìyá rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò ṣí i?"

Ìbíwùmí kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì níwájú ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹni tó bá kọjá lásìkò náà ì bá rò pé ọmọdé kan ló ń kí àgbà.