Kóòtù Tí A Wọ̀n Dípò Ọrùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìgbà ìwáṣẹ̀, kì í sì í ṣe inú igbó. Ọyẹ́ tó kọjá yìí ni, ní Lagos Town, ní Accra, lójúmọmọ, nígbà tí àwọn ọkọ̀ trotro ń pe èrò Circle lójú títì. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin náà ṣì ń rán aṣọ níwájú rẹ̀. Ẹ lè kọjá lọ́la kí ẹ kí i, yóò dá yín lóhùn. Ẹ ṣáà má béèrè àlàáfíà àbúrò rẹ̀.

Sherifa ni orúkọ obìnrin náà. Póló ni ó ń rán, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kó jọ gègèrè lójú ọjà. Ọwọ́ ni ó fi ń rán tirẹ̀, láti kọ́là dé etí ìsàlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ọ́fíìsì ni ó ń rán an fún, àwọn tó gbọ́dọ̀ wọ kóòtù nínú ooru Accra, tí táì sì ti sú wọn. Póló lásán, bí ènìyàn bá wọ kóòtù lé e, kọ́là rẹ̀ á wó lulẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ti Sherifa kì í wó. Ó máa ń gé kọ́là pọ̀ mọ́ àyà aṣọ ní odindi, á fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀, á wá fi abẹ́rẹ́ gún un ní ẹyọ kéékèèké tí ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Bí kóòtù bá bò ó, kọ́là náà á nàró yí ọrùn ká bí ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, Alfa Khàlíl, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Òfin kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́. Kò gbọdọ̀ gé aṣọ láìjẹ́ pé ó fi téèpù yí ọrùn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ká, kí ó sì ki ìka méjì bọ àárín téèpù àti ọrùn, kí ẹni náà lè mí.

“Ènìyàn là ń wọ̀n,” bàbá á wí. “Aṣọ kò ní ọrùn.”

Sherifa kò bi í ní ìdí rẹ̀ rí.

Nígbà tí bàbá kú, ọmọ ọdún méje ni Yusif, àbúrò rẹ̀. Ìyá wọn ti lọ ṣáájú. Sherifa ló tọ́ ọ, òun ló rán an níléèwé. Nítorí Yusif ni kò ṣe tíì lọ ilé ọkọ, bẹ́ẹ̀ ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bí Yusif bá wúkọ́ nínú yàrá, abẹ́rẹ́ á dúró lọ́wọ́ Sherifa. Kò ní ẹlòmíràn.

Ní oṣù kìíní, Yusif ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan nítòsí Circle. Ọjọ́bọ̀ ni ó sáré wọlé, ó gbé kóòtù kan sókè.

“Àǹtí, ẹ wò ó! Ẹ fọwọ́ kàn án!”

Kóòtù eléérú ni. Ó rẹwà. Aṣọ inú rẹ̀ ń dán. Níbi tí lábẹ́lì wà rí, ẹnìkan ti tú u kúrò. Ojú abẹ́rẹ́ nìkan ló kù.

“Níbo lo ti rà á?”

“Ọjà Kantamanto. Obroni wáwu.”

Bàbá Àtàndá bú sẹ́rìn-ín. Arúgbó yìí ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Sherifa, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lójú òun.

“Obroni wáwu! Òyìnbó ti kú! Bẹ́ẹ̀ làwọn onílùú ń pe aṣọ òkìrìkà yẹn, ìwọ sì ń yọ̀. Ṣé o béèrè ohun tó pa á?”

“Bàbá, ṣòkòtò tó wà nídìí yín yẹn ńkọ́? Ṣé ẹni tó ni ín ṣì wà láyé?”

“Èyí? Ebi ló pa ẹni tó ni èyí. O kò rí i pé n kì í yó?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Yusif máa ń ti imú bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Sherifa rántí ẹ̀rín ọjọ́ náà dáadáa. Kò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Yusif fẹ́ lọ sí Ashaiman láti kó ẹrù rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

“Àǹtí, póló méjì tí yóò bá a mu. Funfun kan, aláró kan. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Dúró kí n wọ̀n ọ́.”

“Ọ̀la ni màá dé. Ọkọ̀ ń lọ!”

Ó sá jáde. Ọ̀la dé, Yusif kò dé. Àárọ̀ Sátidé, kò dé. Ó pè lórí fóònù, ó ní ọ̀rẹ́ òun kò sí nílé, òun ń dúró dè é. Ọwọ́ ni Sherifa fi ń rán aṣọ, ọwọ́ kì í sì í sáré. Ó wo kóòtù tó fi kọ́ sára ògiri. Kóòtù yìí bá Yusif mu, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Ohun tó bá bá kóòtù mu, á bá Yusif mu.

Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó fi téèpù yí kọ́là rẹ̀ ká.

Íǹṣì mẹ́tàdínlógún. Ọrùn Yusif kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, Sherifa mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun á dín in kù bó bá dé. Ó wọn èjìká. Ti òsì rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, bí ìbú ìka kan. Ẹni tó wọ kóòtù náà rí, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló máa ń wọ́.

Ó yẹ kí ó tún un ṣe nígbà tó ń gé póló. Kò tún un ṣe. Ojú títì dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Áyọ́ọ̀nù Bàbá Àtàndá dákẹ́. Àlùmọ́gàjí ń lọ geere lórí aṣọ, bíi pé ẹnìkan wà ní òdìkejì tábìlì, tó ń bá a di etí rẹ̀ mú.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni Yusif tó dé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí àyè láti dín nǹkan kan kù. Ó wọ póló funfun. Ó de bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé òkè. Ó wọ kóòtù lé e.

“Ṣé kò tóbi lọ́rùn?” Sherifa béèrè.

“Rárá.”

“Jẹ́ kí n wò ó.”

Ó ki ìka bọ ọrùn aṣọ. Ìka méjì wọlé. Ìkẹta kò ráyè.

Ó wo èjìká àbúrò rẹ̀ nínú dígí. Ti òsì rẹlẹ̀. Kọ́là náà nàró, ó dúró gẹ́lẹ́. Kò tíì rán aṣọ tó bá ènìyàn mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́rú, Yusif dé láti ibi iṣẹ́, ó na ọwọ́ sí Bàbá Àtàndá. Ọwọ́ òsì ni.

“Yusif! Ọwọ́ òsì? Sí èmi?”

Yusif wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ohun olóhun lé lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, sà.”

“Sà? Ìgbà wo ni mo di sà? Ìwọ tí o ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn nígbà tí mo ń gbé ọ pọ̀n!”

Yusif dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti bí i, kò sì wọlé. Ó ń dúró. Ìgbà tí Sherifa ní “Wọlé” ni ó tó wọlé.

Ọwọ́ òsì ni ó fi jẹ kẹ́ńkẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ata ṣitọ́ tí ó fẹ́ràn, kò fọwọ́ kàn án. Lójú oòrùn, kóòtù ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, kò sì làágùn. Kò kọrin nílé ìwẹ̀ mọ́. Bí ó bá jókòó, ó máa ń wo ògiri tí wọ́n fi kóòtù kọ́ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, bíi pé nǹkan kan kù níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Tolúlọpẹ́ wá ṣe ìwọ̀n póló tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni, tábìlì òun àti Yusif ló kọjú síra lọ́fíìsì.

“Àǹtí, àbúrò yín dára o! Ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kì í sọ̀rọ̀ ni tirẹ̀.”

“Yusif ni kì í sọ̀rọ̀? Yusif tó lè bá ewúrẹ́ jiyàn bọ́ọ̀lù?”

“Bóyá ewúrẹ́ ló ń dúró dè.” Tolúlọpẹ́ rẹ́rìn-ín. Sherifa kò rẹ́rìn-ín. Tolúlọpẹ́ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Sherifa ní òun fẹ́ rán póló kẹta fún Yusif. Ó mú téèpù. Yusif bọ́ aṣọ, ó dúró láìmira. Ara rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ ilé lábẹ́ ẹní. Sherifa fi téèpù yí ọrùn rẹ̀ ká.

Íǹṣì mẹ́tàdínlógún.

Ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Ọrùn náà kò wú. Kò sanra. Ọrùn ẹlòmíràn ni.

“Ẹ ṣeun, màdáàmù,” ni Yusif wí.

Sherifa lọ sẹ́yìn ilé. Ó fi téèpù dí ẹnu ara rẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Yusif wọ póló aláró lọ síbi iṣẹ́. Funfun wà nílé. Sherifa gbé e wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó mú bíléèdì. Ohun tí ọwọ́ òun rán, ó ní, ọwọ́ òun á tú u.

Ojú èjìká òsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gé ẹyọ kan. Ó gé èkejì. Ó dúró.

Láàárín ẹyọ méjì tirẹ̀, ẹyọ kan wà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kéré ju tirẹ̀ lọ, ó sì tẹ̀ sí òdìkejì, bí ẹni pé ọwọ́ òsì ló gún un. Ó tẹ ojú mọ́ aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí láti ọrùn dé apá. Ẹyọ tirẹ̀ kan, ẹyọ àjèjì kan.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ti àjèjì ni òun á gé. Ó gé mẹ́ta, ó gé mẹ́rin. Ọyẹ́ ń fẹ́, aṣọ náà kò sì mì. Ó gé ìkarùn-ún.

Fóònù dún.

“Àǹtí, Tolúlọpẹ́ ni. Ẹ má fòyà o.”

“Kí ló ṣe é?”

“Kò ṣubú. Ó jókòó sí tábìlì rẹ̀ ni, ó di èjìká mú. Ó ní kí n pè yín. Ó ní kí ẹ dúró.”

“Kí n dá kí ni dúró?”

“N kò mọ̀, Àǹtí. Ó ní òtútù ń wọlé.”

Sherifa wo bíléèdì ọwọ́ rẹ̀.

“Gbé fóònù fún un.”

Ó gbọ́ èémí. Èémí náà gùn. Lẹ́yìn èémí, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kò gbọ́ ariwo ọ́fíìsì, kò gbọ́ ti ọkọ̀.

“Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni, Àǹtí.”

Yusif ni. Ohùn tó ti imú bẹ̀rẹ̀. Ohùn tí kò gbọ́ láti ọjọ́ mẹ́wàá ó lé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Yusif! Fara dà á. Ó kù díẹ̀. Màá tú u tán, wàá—”

“Èmi náà ni.”

Ohùn kan náà ni. Kò yí padà rárá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́.

Fóònù gé.

Sherifa tẹríba, ó wo aṣọ orí itan rẹ̀. Ó wá ẹyọ àjèjì, kò rí i mọ́. Gbogbo ẹyọ ti dọ́gba. Gbogbo wọn tẹ̀ sí apá kan náà, wọ́n sì kéré bákan náà. Èyí tó di Yusif mú ń bẹ láàárín wọn. Kò mọ èyí tí í ṣe.

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí rẹ̀. Bàbá Àtàndá gbójú sókè láti ibi áyọ́ọ̀nù.

“Sherifa, kí lò ń wò láti ìgbà yìí? Tú u tán, tàbí kí o rán an padà. Aṣọ kì í wà láàárín.”

Nígbà tó ṣe, Sherifa ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ojú ihò tó ti tú ni ó ń gún padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kan. Ó rán an tán.

Ní aago mẹ́fà, ọkọ̀ dúró lójú títì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wá sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Sherifa kò gbójú sókè.

“Yusif,” ó pè é.

“Ẹ̀n, Àǹtí.”

Ó jẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ó yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó dákẹ́, bí ẹni tó fàyè sílẹ̀ kí ẹnìkejì lè jẹ́ tirẹ̀ náà.