Ẹni Tó Ní Ó Ṣófo

Fèrè dún, ìró ìbọn sì dákẹ́ lórí pápá ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣí ìbọn rẹ̀, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó dúró tì í.

"Ó ṣófo," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ẹ̀yìn ló kọ sí ìbọn náà nígbà tó ń sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, méjì-méjì ni Màmá Sójà, olùkọ́ wọn tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, pín wọn sí. Bí o bá yìnbọn tán, wàá ṣí i, ẹnì kejì rẹ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ojú ara rẹ̀ wo ihò ọta kó tó sọ pé ó ṣófo. Ìgbà yẹn lo tó lè pa á dé, kí o gbé e sórí tábìlì, kí ẹ lọ wo pátákó tí ẹ yìnbọn sí. Màmá Sójà máa ń sọ pé ìbọn kò mọ ẹni tó ń kánjú.

Ẹ̀gbọ́n ló mú àbùjá wá. Ó ní kí wọ́n máa wulẹ̀ sọ fún ara wọn pé ó ṣófo, láìwo inú ẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́kọ́ kọ̀, ẹ̀gbọ́n sì ń pè é ní ìyá àgbà onígíláàsì. Nígbà tó yá, ó gbà. Bí èèyàn ò bá fọkàn tán ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ta ló kù? Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi di ẹni tó yára jù lórí pápá. Wọ́n mú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fún ìdíje àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀gbọ́n ṣe igbákejì alábòójútó.

Lọ́jọ́ yìí, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pa ìbọn dé, ó gbé e sórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n ti ń lọ síbi pátákó nígbà tí Màmá Sójà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ṣí ìbọn náà. Ọta kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní ó ṣófo?"

Ẹ̀gbọ́n padà wá, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Kò ṣí i fún mi, mà. Mo bi í, ó ní òun ti wò ó. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń kánjú."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ṣàlàyé pé àwọn méjèèjì ló ti pa òfin tì, pé ó sì ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n kàn ń mi orí bí àgbà tí ọmọdé ń purọ́ mọ́, òun ni wọ́n sì gbà gbọ́. Wọ́n yọ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò nínú ìdíje, wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú.

Nílé, ẹ̀gbọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ní kó má bínú, pé ọmọdé ṣì ni, ìdíje mìíràn ń bọ̀. Ipò tòun ni kò ní padà wá bó bá bọ́.

"Kì í ṣe ìdíje ló ń dùn mí, Bùrọ̀dá. Nígbà tí ọta yẹn wà nínú ìbọn, ta ló wà níwájú ẹ̀?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ nawọ́ sí i.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yìn yín ló kọjú sí. Díẹ̀ ló kù kí n pa yín, ẹ̀yin gan-an lẹ sì kọ́ mi ní àbùjá náà."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọra ti ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá kọ́ ọ ní àbùjá kì í dúró tì ọ́ níbi tí àbùjá já sí. Ohun tó bá la ẹ̀mí lọ, ojú ara rẹ ni kí o fi wò ó, ẹni yòówù kó sọ fún ọ pé kò séwu.