Háàdì Tí Kò Dún

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á kó gbà á. Mo ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, mo ti ṣọ́ ilé tí kò ní òrùlé, mo sì ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu àwọn tó mọ̀ ọ́n pa jù mí lọ. Èyí kì í ṣe irọ́. Ó ṣojú mi kòró.

Ilé àbúrò mi obìnrin ni mo dé sí lọ́dún yẹn. Orúnkún mi ti ń sọ fún mi pé ìrìn tó. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé. Ohun tó kù fún un lára ọkùnrin náà kò ju fídíò lọ: níbi tó ti ń fọ mọ́tò, níbi tó ti ń gbé ọmọ wọn jó, níbi tó ti ń kun ògiri pálọ̀. Gbogbo rẹ̀ wà nínú háàdì díráìfù kan, àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí. Háàdì náà ti darúgbó bíi tèmi. Bó bá ń yí, á máa dún kó, kó, kó, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi," àbúrò mi wí, "bí nǹkan yìí bá bàjẹ́, ọkọ mi kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn."

Mo wọ bàtà mi.

Sáfà kékeré kan ló fẹ́, ẹ̀rọ tí yóò wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, tí yóò máa gbé fídíò náà sí tẹlifíṣọ̀n nígbà tó bá wù ú. Háàdì méjì ni yóò wà nínú rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ sórí ọ̀kan, á kọ ọ́ sórí èkejì. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á ṣẹ́ kù.

A lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, tuntun àti àlòkù. Elétí-Ehoro ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kì í ta háàdì tí kò bá tíì fetí sí. Á so ó mọ́ iná, á gbé e sétí bí ẹni ń gba fóònù, á dijú.

Àbúrò mi nawọ́ sí tuntun méjì tó jọra. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Rárá o, Àǹtí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n jáde nílé iṣẹ́. Èmi kì í ta ọmọ ìyá méjì fún ẹnì kan. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sábà ń kú."

"Ṣé ènìyàn ni wọ́n ni?" mo bi í.

"Bàbá, ènìyàn sàn. Ènìyàn á kọ́kọ́ ṣàìsàn."

Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tuntun náà fún wa. Ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá mú àlòkù kan, ó gbé e sétí. Ó gbé e kúrò. Ó gbé e sí etí kejì.

"Ó ń yí," ó wí. "Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò dún."

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni?" àbúrò mi béèrè.

"Gbogbo háàdì tó ń yí ló ń dún, Àǹtí. Ẹ jẹ́ n wá òmíràn."

"Èyí ni mo fẹ́. Pálọ̀ ló máa wà. Mi ò fẹ́ ariwo tó máa bo ohùn ọkọ mi."

Elétí-Ehoro wò mí. Mo wo òrùlé. Ta ni yóò bá opó jiyàn lórí ohùn ọkọ rẹ̀?

Ó bá wa délé, ó tò ó. Dída àwọn fídíò náà kọ sórí háàdì méjèèjì gba gbogbo ọ̀sán. Bó ṣe parí báyìí, háàdì àtijọ́ dún kó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Kò tún yí mọ́.

Nígbà tí Elétí-Ehoro lọ tán, a jókòó, a ń wò. Fídíò tí àbúrò mi fẹ́ràn jù ni ti ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló yà á. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àkàbà, ó ń kun ògiri ní àwọ̀ ewé.

"Ṣé o ò ní gbé nǹkan yẹn sílẹ̀, kó o wá bá mi di àkàbà mú?" ó wí nínú fídíò. "Bí mo bá ṣubú, ìwọ lo máa gbé mi o."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni fídíò náà máa ń parí sí.

Lọ́jọ́ yẹn, kò parí.

Ọkùnrin náà gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó kọjú sí wa. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń mí. A rí àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò.

"Mi ò ya eléyìí," àbúrò mi wí.

Mo wo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀ ewé mọ́. Àwọ̀ eérú ni. Èmi ni mo kùn ún ní àwọ̀ eérú, nígbà tí ọkùnrin náà ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo rí ibi tí ọwọ́ mi ti yẹ̀ létí fèrèsé.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Pálọ̀ pa lọ́lọ́. Háàdì kan ń kùn. Èkejì ò sọ nǹkan kan.

Ilẹ̀ mọ́, mo lọ pe Elétí-Ehoro. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá, kí lẹ mu lánàá?" Nígbà tó wò ó tán, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó yọ háàdì tí kò dún, ó fi èyí tó ń kùn nìkan sílẹ̀, ó tan fídíò.

Ohùn náà pé. Ọ̀rọ̀ àkàbà, ẹ̀rín, gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kankan lórí àkàbà. Ògiri ń gba ọ̀dà fúnra rẹ̀.

Ó pààrọ̀ wọn. Nínú èyí tí kò dún, ọkùnrin náà wà. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Kò sóhùn, kò sí ìró búrọ́ọ̀ṣì, kò sí nǹkan kan.

"Ohun kan náà ló yẹ kó wà lórí méjèèjì," Elétí-Ehoro wí jẹ́jẹ́. "Kò yẹ kí wọ́n pín nǹkan."

Ó gbé háàdì yẹn sétí. Ó pẹ́. Nígbà tó gbé e kúrò, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu etí náà.

"Kí lo gbọ́?"

Ó mú háàdì mìíràn jáde nínú àpò, ó gbìyànjú láti da fídíò náà kọ sórí rẹ̀. Ògiri àti àkàbà nìkan ló wọlé. Kò sójú, kò sóhùn. Ó tún un ṣe. Bákan náà ni.

"Àǹtí, ẹ mú ọ̀kan. Ohùn ni o, ojú ni o. Kí n gbé èkejì lọ."

"Kí ló dé?"

"Nítorí bí wọ́n bá wà pọ̀, ọkọ yín ń pé."

Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé. "Ṣebí nǹkan tí mo ń wá nìyẹn?" Ó gba háàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í padà sáàyè rẹ̀. Elétí-Ehoro kó irinṣẹ́ rẹ̀. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Mo ṣì gbé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Fídíò náà ń gùn sí i. Àga tí ọkùnrin náà jókòó lé ń sún mọ́ wa sí i. Àbúrò mi á jókòó síwájú rẹ̀, á máa ròyìn fún un: omi ò yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ọmọ wọn ti pè, aládùúgbò tún ti pa ilẹ̀kùn gbàà. Ọkùnrin náà á máa fetí sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà ní pípa. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀. Ó dánu dúró, bí ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Ó wá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo di ẹrù mi.

"Yọ ọ̀kan, ọmọ ìyá mi," mo wí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà lọ, ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá mi. Èmi ò níbi tí mò ń lọ."

Mo lọ. Mo ti kúrò nílé tó burú jùyẹn lọ rí.

Inú gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù ni mo wà nígbà tó pè mí. Oòrùn mú ganrínganrín. Ara rẹ̀ yá gágá lórí fóònù, bí ọmọge. A ṣì ń kíra wa lọ́wọ́ nígbà tí ohùn ọkùnrin kan béèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ta nìyẹn?"

Mo ti wo gbogbo fídíò wọ̀nyẹn tán. Kò síbi tó ti béèrè bẹ́ẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi ni," àbúrò mi wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó fetí sí ẹni náà, ó wá padà sórí fóònù. "Ó ní kí n kí yín. Ó ní ṣé ẹ ò ní kí òun ni?"

Mo gbọ́ tí fóònù ń gba ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Mo gbọ́ ẹni tó ń mí. Àna mi ni. Ìkíni ò wọ́n mi lẹ́nu, mo ti kí àwọn tó fẹ́ pa mí rí. Ṣùgbọ́n ẹni téèyàn bá kí, èèyàn ti gbà pé ó wà nìyẹn.

Àbúrò mi ṣì ń pè mí. Mo máa ń gbé e, mo máa ń gbọ́ èémí àna mi.

Mi ò tíì kí i.