Sigvald Akanọkọ̀ àti Ọkàn Tí Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Sigvald akanọkọ̀ kì í mutí. Kò jalè rí, kì í sì í lé obìnrin kiri. Ní erékùṣù Skarvøy, ní etíkun ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Nọ́wè, bí o bá béèrè ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá jù nídìí àtúnṣe ọkọ̀ ojú omi, òun ni wọn yóò júwe fún ọ. Ọjọ́ Àìkú kan kì í kọjá kí ó má jókòó nílé àdúrà, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Borghild aya rẹ̀.

Síbẹ̀, apànìyàn ni. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń pa, inú ọkàn rẹ̀ ló ti ń pa á, lójoojúmọ́.

Oddmund lorúkọ ọkùnrin náà, ọ̀gá ọkọ̀ apẹja. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni Eilif, àbúrò Sigvald, ti bọ́ sínú òkun. Afẹ́fẹ́ le lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkọ̀ yòókù ti ṣẹ́rí padà, ṣùgbọ́n Oddmund ní àwọ̀n òun ṣì wà nínú omi. Ìgbì gbá Eilif lọ, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìjọba ṣe ìwádìí, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ òkun ni, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Oddmund wọ aṣọ dúdú wá sí ìsìn ìdágbére, ó bọ Sigvald lọ́wọ́, kò sì sọ ohunkóhun. Kò ní, "Má bínú." Kò ní, "Ó yẹ kí n ti padà."

Láti ìgbà náà ni ọkàn Sigvald kò ti sinmi mọ́. Bó bá ń fá pákó, ẹjọ́ ló ń rò. Á bi Oddmund léèrè ọ̀rọ̀, á fi ẹnu Oddmund dáhùn, á tú àṣírí irọ́ rẹ̀, á dá a lẹ́bi, á sì tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ń jẹ ẹja, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ dùn tàbí kò dùn.

Lọ́jọ́ kan, Borghild sọ̀rọ̀ títí, ó rí i pé ojú lásán lòun ń bá sọ̀rọ̀.

"Sigvald, kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ?"

"O ní òjò ń bọ̀."

"Mo ní ọmọ wa ti lóyún."

"Ó dáa náà," ni Sigvald wí, ó sì padà sínú ẹjọ́ rẹ̀.

Dókítà fún un ní oògùn. Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, kí ó di ojú, kí ó máa mí wọlé mí jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó jẹ́ kí èrò máa kọjá lọ bí ìkùukùu. Ìmọ̀ràn náà dára, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Sigvald gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti di ojú báyìí, Oddmund ló rí, kò sì fẹ́ kí Oddmund kọjá lọ. Ó fẹ́ kó dúró síbẹ̀ kó jìyà.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ dàgbà, Leidulf, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó èrò lọ sí òdìkejì omi. Ọ̀mùtí paraku ni Leidulf tẹ́lẹ̀, kí Jésù tó gbà á. Ó máa ń yà ní ibi iṣẹ́ Sigvald láti mu kọfí.

"Ojú rẹ wá rí bíi ti ẹja tó ti pẹ́ lórí yìnyín," ni Leidulf wí.

"Tìrẹ ńkọ́? Imú rẹ kì í kọ́kọ́ gúnlẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ tó dé ni?"

Leidulf rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rọ ohùn sílẹ̀. "Oddmund ń sùn nílé rẹ̀, ìwọ lò ń bá a ṣọ́ ilé. Fi í lé Jésù lọ́wọ́, Sigvald."

"Jésù máa dárí jì í."

"Bó bá ronú pìwà dà, á dárí jì í."

"Ìdí tí mi ò ṣe ní fi í lé e lọ́wọ́ nìyẹn."

Leidulf gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ta ló máa dárí jì ọ́?"

"Èmi? Kí ni mo ṣe?"

Leidulf dìde. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọ ọkọ̀ Oddmund. Àsìkò ẹja ti dé, àwọn akanọkọ̀ òdìkejì kò sì ráyè. Oddmund wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Omi ń wọlé nísàlẹ̀. Ṣé wàá bá mi wò ó?"

"Gbé e wá," ni Sigvald wí.

Gbogbo erékùṣù gbọ́ ọ. Wọ́n ní Sigvald ti dárí jì í. Borghild sọkún ayọ̀.

Sigvald wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó rí pákó kan nítòsí ìdí ọkọ̀, níbi tí omi ń bò mọ́lẹ̀. Ó ti jẹrà. Ọ̀bẹ ń wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń gún búrẹ́dì. Bí ìgbì ńlá bá ń kọlù ú, kò lè pẹ́ tí yóò fi já. Sigvald kò yọ ọ́. Ó fi òwú dí i, ó fi ọ̀dà kùn ún, ó sì kùn ún dáadáa débi pé òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ojú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń kùn ún, ọkàn rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Eilif ti kú. Ó rò pé àlàáfíà nìyẹn.

Olùkàwé, Sátánì náà ń fúnni ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Irú èyí tí ń bẹ nínú ibojì ni.

Nígbà tí Oddmund wá gba ọkọ̀ rẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣó ti dáa?"

"Ó ti dáa."

Ọkọ̀ náà kúrò ní èbúté láàárọ̀. Sigvald dúró ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Oddmund nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń pète. Ìgbà yẹn ni Jarle, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń bá Oddmund ṣiṣẹ́, yọrí lẹ́yìn àwọ̀n, ó juwọ́ sí i.

"Sigvald, sọ fún Borghild kó gbé ìkòkò kaná o. A máa mú ẹja tìrẹ bọ̀."

Sigvald délé, ó jókòó. Ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹjọ́ náà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe Oddmund ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́ mọ́, Sigvald fúnra rẹ̀ ni. Eilif ló sì ń béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ tún ń rán bọ̀ wá bá mi nísàlẹ̀ ibí?" Sigvald mí wọlé, ó mí jáde. Ó gbé oògùn mì. Ó lọ sójú fèrèsé, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ti ń fọ́n orí ìgbì sí funfun.

Ó sáré dé èbúté, ó wọ yàrá ìtukọ̀ Leidulf, ó sì jẹ́wọ́ fún un.

Leidulf na gbohùngbohùn rédíò ọkọ̀ sí i. "Pè wọ́n."

"Gbogbo ìlú ló máa gbọ́."

"Wọ́n máa gbọ́. Pè wọ́n."

Ní Skarvøy, kò sí ilé ìdáná tí rédíò àwọn apẹja kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Borghild gbọ́. Ìyá Jarle gbọ́. Ọ̀rọ̀ Sigvald nìyí: "Oddmund, padà. Pákó jíjẹrà kan wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ rẹ, lápá ẹ̀yìn. Mo rí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún mọ́lẹ̀ ni."

Lẹ́yìn náà ohùn Oddmund dé. "Tún un sọ."

Sigvald tún un sọ.

Ó gbọ́ tí Oddmund ń pàṣẹ fún àwọn ènìyàn rẹ̀: "Ẹ gé àwọ̀n dànù. A ń padà."

Leidulf tú okùn ọkọ̀ rẹ̀ láti lọ pàdé wọn. Sigvald wólẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá ìtukọ̀ náà. Àwọn ọ̀rọ̀ dídán tó máa ń fi gbàdúrà níwájú ìjọ kò wá sí i lẹ́nu. Ó ní, "Jésù, apànìyàn ni mí. Mo ti jókòó sórí àga rẹ, mo sì ń dájọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Gbà mí. Gbà wọ́n."

Omi ti kún dé ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jáde láàyè. Bí Oddmund ti fẹsẹ̀ kan èbúté, ó gbá Sigvald lẹ́ṣẹ̀ẹ́, Sigvald ṣubú. Kò sẹ́ni tó dá sí i. Oddmund dúró lé e lórí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Eilif bẹ̀ mí," ló wí. "Ó bẹ̀ mí pé ká padà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Sigvald ti ń wá látọdún mọ́dún nìyẹn, níwájú gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ì bá fi í pa Oddmund run. Ó nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀. "Mo ti gbọ́," ló sọ.

Ọlọ́pàá mú Sigvald, adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ó tọ́ sí i, kò sì bẹ̀bẹ̀. Títí dòní Oddmund kò tíì wá kí i. Èrò àtijọ́ ṣì máa ń kan ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Sigvald á mí pẹ̀lẹ́, á ní, "Olúwa, ọ̀dọ̀ rẹ lẹjọ́ yẹn wà," á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Oúnjẹ ẹ̀wọ̀n kò dára, ṣùgbọ́n ó mọ adùn rẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lò ń bá rojọ́ nínú ọkàn rẹ? Ọkọ tó fi ọ́ sílẹ̀ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n tó gba ilẹ̀ bàbá yín? O lè má tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ, àmọ́ Ọlọ́run rí ohun tí ò ń kùn mọ́lẹ̀. Òun ló ni ẹ̀san, kò sì gbàgbé ẹkún rẹ. Ọmọ rẹ̀ ti kú fún ẹni tó ṣẹ̀ ọ́, ó sì kú fún ìwọ náà. Sọ̀ kalẹ̀ lórí àga tí kì í ṣe tìrẹ.

Má sọ pé ó dọ̀la. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ Oddmund kò ní ọ̀la kankan lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn kò sì mọ̀. Orúkọ ẹni tí mò ń wí ti wà létè rẹ báyìí. Dárúkọ rẹ̀ fún Jésù lónìí, kí o sì dárúkọ tìrẹ tẹ̀ lé e.